Àmì Ojú Mẹ́ta Lára Ìbọn Ilé Àrọ Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé kíkọ mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé kẹrin ni mo wà tí wọ́n fi mú mi kúrò nílé ẹ̀kọ́. Láti ìgbà náà, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ oníbàárà lọ, ẹfun ni mo sì fi ń kọ ọ́ sára ògiri. Ojú máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàrin èèyàn. Ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ó sàn kí n jókòó kí n kọ ọ́, kí n lè máa pa èyí tí kò dára rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ.

Ẹni tó bá gbọ́ pé mo fẹ́ sọ ìtàn iṣẹ́ ayé mi á rẹ́rìn-ín, torí n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógún kí n tó fi í sílẹ̀. N kò rò pé iṣẹ́ mìíràn tún wà tó máa wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni. Ìbọn ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká ni à ń rọ, ní ilé àrọ bàbá tó bí bàbá mi, lẹ́yìn ọjà Odò-Orí níhìn-ín ní Ìwó. Àwọn àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́ ló ní kí n sọ bó ṣe rí.

Ìtàn bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá tó bí mi kú, ìyá mi lọ fẹ́ ọkọ sí Ilé-Ogbó, àwọn ọmọkùnrin ilé sì ti lọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Òṣogbo. Kò sẹ́ni tó máa fínná fún bàbá mi àgbà, tí mo ń pè ní Bàbá. Wọ́n wo gbogbo ilé títí, èmi nìkan ni wọ́n rí. Ní ti owó, oúnjẹ àti aṣọ ọdún ni mo kọ́kọ́ ń gbà. Nígbà tó yá, wọ́n ń fún mi ní nǹkan díẹ̀ lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan. N kò ráhùn.

Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn èédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n sáré dìde, kí n lọ di ẹwìrì tí a fi ń fẹ́ná mú. Awọ ewúrẹ́ ni ẹwìrì wa nígbà náà. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé e sókè sódò, ó sì ń mí bí arúgbó tó sùn. Kànga àdúgbò wà lẹ́yìn ilé àrọ gan-an. Àwọn obìnrin tó ń fami kì í jẹ́ kí n sinmi.

"Àfúsá! Ọkọ wo ló máa fẹ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le bíi pátákò ẹṣin?"

Bàbá ló máa ń bá mi dáhùn láti inú ilé: "Èyí tí ọkọ́ rẹ̀ bá kán lóko ni!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, omi á máa ta sílẹ̀ lórí wọn.

Ṣùgbọ́n Bàbá kì í ṣe ẹni tí wọ́n fi ń ṣeré níbi iṣẹ́. Bí irin bá ti pọ́n, ẹnu gbọ́dọ̀ dákẹ́. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n fún mi ní pátákó irin kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, àti fáìlì kan tí wọ́n fi ń fá irin. Wọ́n ní kí n máa fá a títí tí mo bá fi lè gbé e lé irin mìíràn tí ìmọ́lẹ̀ kò ní gba àárín wọn kọjá. Mo fá a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gbé e lọ fún wọn, wọ́n gbé e sókè lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó, wọ́n sọ ọ́ sínú eérú. Mo lọ mú un, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà wọn lórí ẹní ìkírun. Wọn kò yìn mí. Ṣùgbọ́n títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, ibẹ̀ ni irin náà wà, gbogbo ẹni tó wá kí wọn sì ń rí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá rí ọ̀gá tó máa sọ iṣẹ́ yín sínú eérú lẹ́ẹ̀mẹta tí kò ní bú yín, ẹ má fi í sílẹ̀.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Bàbá sọ pé nígbà tí àwọn wà ní kékeré, irin pẹlẹbẹ ni wọ́n ń ká rògòdò tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìbọn, òkúta tó ń ta iná ni wọ́n sì fi ń yìn ín. Nígbà tèmi, páìpù omi tó nípọn ni à ń lò, tàbí ọ̀pá ìwakọ̀ tí a yọ lára lọ́rì tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe dé, tí a kàn ń yí lọ́wọ́, a sì gbé ẹwìrì kọ́ ara ògiri. Bàbá ní ẹ̀rọ náà ń pariwo ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Èmi mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, torí mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń yí i lásán, tí iná kò sí níbẹ̀.

Ohun tó yà wá sọ́tọ̀ láàrin àwọn alágbẹ̀dẹ ni ìdánwò. Ìbọn kan kò gbọdọ̀ jáde láìdán an wò. Ọjọ́ Alàárùbá ni à ń ṣe é. A ó kó wọn lọ sétí odò, a ó fi okùn de ìbọn mọ́ ìdí ọ̀pẹ kan tó ti kú. Bàbá á rọ ẹ̀tù sí i ní ìlọ́po méjì èyí tí ọdẹ ń lò, wọ́n á so okùn gígùn mọ́ ibi tí wọ́n fi ń yìn ín, àwa méjèèjì á wá lọ sá sẹ́yìn òkìtì ọ̀gán. Wọ́n á ṣe bísímílà, wọ́n á fà á. Bó bá dún tí irin kò sán, tí kò sì wú, a ó gbé e wálé, èmi á wá fi irin ṣóńṣó lu ojú kéékèèké mẹ́ta sí i nídìí. Èmi ni mo ń lù ú láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, torí ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Ojú mẹ́ta yẹn ni àwọn ọdẹ láti Olúpọ̀nnà dé Kuta ń wá. Wọ́n á fi ìka wá a nídìí ìbọn, bí wọ́n bá ti kàn án, wọn kì í bi wá ní ìbéèrè mìíràn.

Ìgbà ìjọba alágbádá ni ọ̀rọ̀ òfin ìbọn dé. Ọmọ ìlú wa kan wà nílé aṣòfin n'Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, Onórébù ni gbogbo wa ń pè é. Wọ́n fẹ́ ṣe òfin pé alágbẹ̀dẹ kò gbọdọ̀ rọ ìbọn mọ́. Ẹni tó bá ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀ á lọ gba ìwé àṣẹ, ẹni tí kò bá ní, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn. Ohun tó fà á kì í ṣe irọ́. Àwọn adigunjalè ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ dá ọ̀nà, àwọn tó ń jà sí ààlà oko sì ti ń yìn ín síra wọn.

Nínú oṣù Rámádánì, Onórébù wá bá àwọn ọdẹ ṣínu. Ó ní ọmọ ọdẹ lòun, pé ẹni tó bá fọwọ́ kan ìbọn baba òun á rí òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn Iléyá, àwọn ìyá tí ìbọn pa ọmọ wọn lọ bá a nílé. Ó bá wọn sunkún, ó ní òun fúnra òun ló máa gbé òfin náà dìde. Rédíò gbé e lọ́jọ́ kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí olórí ọdẹ ránṣẹ́ sí i pé ìbò ń bọ̀ o. Ó ní kì í ṣe bí òun ṣe sọ ọ́ ni rédíò ṣe gbé e. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún ní òfin ń bọ̀.

Bàbá ní, "Bí wọ́n bá fi ọkùnrin yìí ṣe ilẹ̀kùn, ewúrẹ́ á wọlé, ewúrẹ́ á jáde."

A fi ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ wa. Nígbàkígbà tó bá ní òfin ń bọ̀, gbogbo àgbẹ̀ tí kò ní ìbọn á sáré wá, kí wọ́n lè ní tiwọn kí ọ̀nà tó dí. Bó bá tún ní òfin ti kú, wọ́n á ní ká má wulẹ̀ kánjú mọ́. Ní ọjọ́ tó tún ní ó ń bọ̀ yìí, ìbọn mọ́kànlá ló fara ti ògiri wa tó ń dúró de ìparí, àwọn tó ni wọ́n sì ń wá lójoojúmọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Àmì lílù máa ń gba àkókò. Mo rò ó pé Bàbá ò ní jẹ́ kí ìbọn kan sán, ọ̀kan kò sì tíì sán rí lójú mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àtàláátà, nígbà tí Bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí, mo lu ojú mẹ́ta sí gbogbo wọn, kí ó lè jẹ́ pé bí a bá ti dán wọn wò tán lọ́jọ́ kejì, àwọn olówó wọn á kàn máa gbé wọn lọ. Ní ọjọ́ Alàárùbá, a dán méje wò, òjò dé, ẹ̀tù tutù. Bàbá ní ká kó wọn wálé, pé a ó dán mẹ́rin tó kù wò bí ojú ọjọ́ bá là. Ojú wọn kò ríran dáadáa, wọn kò mọ̀ pé àmì ti wà lára gbogbo wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Alàmísì, wọ́n wá pe Bàbá lọ síbi ìsìnkú ní Olúpọ̀nnà. Èmi nìkan ló wà nílé nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Làísì dé láti Kuta. Àgbẹ̀ ni wọ́n, tí wọ́n ń ṣe ọdẹ díẹ̀díẹ̀, ọlọ́yàyà èèyàn gidi.

"Àfúsá, ìyàwó mi! Èwo ni tèmi níbẹ̀? Ẹ̀yà ti ń jẹ iṣu wa tán, òfin tún fẹ́ gbèjà wọn."

"Ẹ̀yà" ni wọ́n ń pe ọ̀yà, bí wọ́n bá ń ṣàwàdà, bíi pé ẹ̀yà èèyàn kan ni. Mo rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Mo gbé ìbọn kan, mo rí ojú mẹ́ta, mo gbé e fún wọn bó ṣe mọ́ mi lára. Wọ́n fi ìka wá àmì náà, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Ìgbà tí mo padà wo àwọn tó kù ni mo rí i pé méje ló ní àpá okùn tí a fi dè wọ́n mọ́ ọ̀pẹ lára igi wọn. Méje náà ló ṣì wà nílẹ̀. Èyí tí mo gbé fún Bọ̀ọ̀dá Làísì, a kò tíì dán an wò.

Mo lè sáré tẹ̀ lé wọn. Wọn kò tíì jìnnà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ro ohun tí mo máa sọ, títí n kò fi rí wọn mọ́.

Ọjọ́ kẹjọ ni a gbọ́ pé ìbọn sán mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú oko. Ó gé ìka méjì ní ọwọ́ òsì wọn, etí òsì wọn kò sì gbọ́ràn mọ́. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀tù tó ga tó ìka mẹ́rin nínú ọ̀pá ìbọn, bí a ṣe kọ́ àwọn, ni àwọn rọ. Ta ló máa gbà? Ojú mẹ́ta wà lára irin náà. Bàbá lọ kí Bọ̀ọ̀dá Làísì, wọ́n bá wọn kẹ́dùn, wọ́n sì bá wọn wí pé aláìgbọràn ni wọ́n, pé wọ́n da ẹ̀tù kún ìwọ̀n. Nígbà tó yá, àwọn ọmọdé Kuta ń pè wọ́n ní Làísì Dà-á-kún. Mo gbọ́ pé ìyàwó wọn pàápàá bú wọn pé ọ̀kánjúwà ni wọ́n. Oṣù mẹ́fà ni mo fi gbé e sínú. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi, mo ń tẹ́ńbẹ́lú ara mi, síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ la ẹnu, èmi á tún lọ di ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ mú.

Ọjọ́ Àtàláátà kan, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mọ́tò Onórébù dúró lẹ́nu ilé àrọ. Ó ti yí padà, ó ti ń bá àwọn ọdẹ ṣe. Ó ní àwọn aṣòfin fẹ́ gbọ́ ẹnu aráàlú n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Alàmísì, òun sì fẹ́ kí Bàbá wá búra níwájú wọn.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, Bàbá. Ẹ ó fọwọ́ lé Kùránì, ẹ ó ní láti ọjọ́ tí ẹ ti ń rọ ìbọn, kò sí ọ̀kan tó jáde láìdán an wò. Òfin wo ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣebí ìwọ lo ní kí wọ́n tì wá mọ́lé lóṣù tó kọjá?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, Bàbá. Òṣèlú ni."

"Ó dáa. Òtítọ́ kúkú ni ohun tí o ní kí n sọ."

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ báyìí, kó lè já geere lẹ́nu yín níwájú wọn."

Bàbá mú búta, wọ́n ṣe àlùwàlá. Wọ́n ní àwọn kì í fi orúkọ Ọlọ́run dánrawò, pé bí àwọn bá ti búra níhìn-ín, àwọn ti búra náà nìyẹn. Wọ́n sọ Kùránì kalẹ̀ látorí pẹpẹ, wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Èmi ń yí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ mi dúró.

"Àfúsá, iná ń lọ."

"Bàbá, ẹ má búra."

Ohùn mi kéré débi pé n kò mọ̀ bóyá mo sọ ọ́. Onórébù ní, "Kí lọmọ yìí wí?"

"Ìbọn kan jáde," ni mo wí. "Ti Bọ̀ọ̀dá Làísì. Mo ti lu àmì sí i kí a tó dán an wò. Òjò dé. A kò dán an wò."

Bàbá gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí Kùránì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọwọ́ kúrò lórí ọmọ tó sùn. Onórébù wo ìta, ó tún wo inú.

"Ta ló gbọ́? Èmi, ẹ̀yin méjèèjì, ó tán. Ọkùnrin náà ò sì kú."

"Ọlọ́run ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

Ó họrí. Ó dìde, ó gbọn eérú kúrò lára agbádá rẹ̀. "Bí ẹ ò bá lè búra, Bàbá, a jẹ́ pé èmi náà á wà lẹ́yìn òfin náà nìyẹn."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ó kéré tán, títí di Alàmísì." Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Títí àwọn ológun fi gbàjọba, n kò gbọ́ pé wọ́n dìbò sí òfin yẹn, bóyá fún un tàbí lòdì sí i. Kì í ṣe òfin ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Èmi kò lè fọwọ́ kan irin ṣóńṣó mọ́ láti ọjọ́ yẹn, Bàbá kò sì rí ẹlòmíràn tó máa bá wọn lù ú. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti ilé àrọ pa.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Bàbá kò nà mí, wọn kò pariwo. Wọ́n jókòó ti iná tó ń kú lọ.

"Oṣù mẹ́fà ni mo ti ń pe ọkùnrin yẹn ní aláìgbọràn."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ forí jì mí, Bàbá."

"Èmi kọ́ lo gé níka." Wọ́n ní bó bá di Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, àwọn á kó àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn lọ sí Kuta, èmi á sì tẹ̀ lé wọn. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe máa rí. Àwọn àgbà á sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á ní àṣìṣe ni, èmi á kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn láìsọ nǹkan kan. Á tún di ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn bá mi sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ṣe kírun Súbúì tán, mo wé gèlè mi, mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ kó iṣu, mo sì dé Kuta kí oòrùn tó mú. Bọ̀ọ̀dá Làísì wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ìka mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ òsì yín àgbàdo. Wọn kò pè mí ní ìyàwó wọn. Mo kúnlẹ̀ sí apá ọ̀tún, níbi tí etí wọn ti ń gbọ́ràn.

"Mo mọ̀ pé ìka mẹ́rin lẹ rọ," ni mo wí. Mo wá sọ ìyókù.

Àgbàdo ń bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó ṣe, wọ́n kígbe pe ìyàwó wọn láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n pe ẹ̀gbọ́n wọn ní agboolé kejì, wọ́n pe àwọn ọmọdé tó ń lọ sílé kéú pé kí wọ́n dúró. Agbàlá kún. Gbogbo ojú wà lára mi.

"Dìde," ni Bọ̀ọ̀dá Làísì wí. "Tún un sọ. Sọ ọ́ sókè."

Mo dìde dúró, mo sì tún un sọ.